Olórin Ará Swídìn àti Mọ́tò Onímọ́tò

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin akọni tó kọ́kọ́ fara ti mọ́tò onímọ́tò ya fọ́tò láàrin àwa ọmọ Nàìjíríà ìlú Houston. A kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè parun. Àwọn kan lọ sí òṣùpá, wọ́n sì padà wá. Akọni tiwa rìn wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí mall Sharpstown ní ọ̀sán Sátidé kan, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ọkọ̀ gígùn kan tí ẹni tó ni ín ti wọlé lọ ra bàtà, ó sì gbé ìdí lé e. Ó ká apá mọ́ àyà. Ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, bí ẹni tí ọrọ̀ ti ń sú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ kámẹ́rà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀wọ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń sun oorun àlàáfíà. Ta ni kò ní yin irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀? Kò jalè, mọ́tò kò kúrò níbi tó wà. Kò purọ́, ohun tó kọ sẹ́yìn fọ́tò kò ju "Èmi rèé ní Amẹ́ríkà" lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ìyókù kún un, òun kọ́ ló rán an.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀ o. A kì í fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, nítorí àwọn ọkọ̀ mìíràn a máa pariwo. A kì í sì í fara ti ọkọ̀ dúdú nínú oòrùn oṣù keje, nítorí ẹni bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní lè jókòó fún ọjọ́ méjì. Mo mọ ọkùnrin kan tó ṣe é.

Mo rò pé àwa nìkan la ní ọgbọ́n yìí, títí mo fi pàdé obìnrin ará Swídìn kan nínú yàrá ìfọṣọ.

Mo ń kàwé gboyè kejì nínú lítíréṣọ̀ nígbà náà, mo sì ń gbé Sharpstown, nínú ilé alájà méjì kan tó yí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ká. Omi náà ti di aláwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó ń wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọdún tí owó epo já lulẹ̀ ni, tí gbogbo ìlú ń rìn bí ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́, nítorí pé wọ́n lé ọ̀pọ̀ nínú wọn níbi iṣẹ́ lóòótọ́. Gbogbo wa tó wà nínú ilé yẹn la ń dúró de nǹkan kan. Àwa Nàìjíríà ń dúró de ìwé ìgbélùú, àwọn ará Vietnam ń dúró de ẹbí wọn, obìnrin funfun kan ní nọ́ńbà kejìlélógún sì ń dúró de ohun tí a kò mọ̀.

Ní ọjọ́ tí mo wí yìí, obìnrin nọ́ńbà kejìlélógún, ará Swídìn náà, pa ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ ìgbẹṣọ dé mọ́ ìka ara rẹ̀. Mo ní, "Sorry." Ó wò mí. Ó béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń tọrọ àforíjì, ṣé èmi ni mo pa ìlẹ̀kùn dé ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, mo sì ti pinnu pé ẹni tó bá tún bi mí, màá jókòó dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé ní ilé wa, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó kọsẹ̀, a fún un ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó gbẹ́rù, ẹni tí òjò pa dé ilé, a fún un ní pẹ̀lẹ́. A kò fi òkúta sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ṣùgbọ́n a rí i pé ó dùn ún, kò sì yẹ kí ó dá nìkan gbé e.

Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì pè é re. Ohùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ, ó sì gòkè níbi tó yẹ. Ẹnu yà mí, nítorí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mi tó mọ ìtàn gbogbo àgbáyé kò rí orúkọ mi pè láìfọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó ní kò yẹ kí ẹnu yà mí. Ní èdè tiwọn náà, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí lẹ́tà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó jẹ́ ohùn ló ń yà wọ́n. Àti pé olórin ni òun.

Bí a ti ń ká aṣọ ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó jókòó nínú kíṣíìnì ìyá rẹ̀, ó sì fi gìtá kọ orin kan nípa títì tí òjò ti fọ̀. Rédíò ìlú wọn gbé e ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, débi pé àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń fi ẹnu súfèé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní Stockholm mú un, wọ́n ní kó kọ òmíràn tó jọ ọ́. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kó tún kọ òmíràn tó jọ èyí tó jọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní èdè Swídìn kéré, kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ó fẹ́ ẹnjiníà epo kan, wọ́n sì jọ wá sí Houston, sí ilé ńlá kan ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, lápá Energy Corridor níbi tí àwọn ọ́fíìsì epo tò sí. Ní pápákọ̀ òfuurufú ìlú rẹ̀, ó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé òun ń lọ ṣẹ́gun Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá dè é mọ́lẹ̀. Nígbà tí epo já lulẹ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí àárín òkun Norway. Ọkọ lọ, ìgbéyàwó tẹ̀lé e. Ó yẹ kí òun náà lọ ilé, ṣùgbọ́n báwo ni jagunjagun ṣe ń padà sílé láìmú ẹrú kan lọ́wọ́?

Ní alẹ́ Fúráídé àti Sátidé, ó ń kọ orin ẹlòmíràn nínú òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá títì ńlá Southwest Freeway, fún àwọn tó ń jẹun, tí kò gbé ojú kúrò lára àwo oúnjẹ wọn.

Lẹ́yìn bíi oṣù kan tí a ti di ọ̀rẹ́, ó fi fọ́tò kan hàn mí. Ó dúró níwájú pátákó gíga kan, orúkọ rẹ̀ wà lórí pátákó náà ní lẹ́tà ńláńlá, sánmà Texas wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn ilé ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní mi ò mọ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì gbé orúkọ rẹ̀ sókè bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní wọn kò gbé e. Òun ló bẹ ọkùnrin tó ń to lẹ́tà pátákó náà, ó yọ lẹ́tà oúnjẹ àárọ̀, ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó fi wọ́n to orúkọ òun. Òun ya fọ́tò, ọkùnrin náà sì dá ẹyin àti ẹran padà sí ipò wọn.

Mo wo fọ́tò náà títí. Mo mọ̀ ọ́n. Mọ́tò onímọ́tò ni.

Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà dé láti Stockholm. Ó gbé e wá sí yàrá mi. Ìwé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yóò parí ní òpin oṣù náà. Wọ́n ní akọ̀ròyìn àgbà kan ń bọ̀ wá sí Texas nítorí ọ̀rọ̀ epo, yóò sì yà ní Houston fún ọ̀sán kan láti wò ó. Bí ohun tí akọ̀ròyìn obìnrin náà bá rí bá bá àwọn lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ mi ti ń kọ sí wọn mu, wọn yóò tún àdéhùn ṣe, wọn yóò sì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì jáde fún un. Bí kò bá bá a mu, ó parí. Mo bi í léèrè ohun tó kọ sínú àwọn lẹ́tà náà. Ó ní òun kọ pé òun ń múra eré ní gbọ̀ngàn ńlá kan. Ó ní òun tún kọ pé òun ní ẹgbẹ́ eléré ẹlẹ́ni mẹ́ta, ojúlówó ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀. Bó ti ń sọ ọ́, ojú mi ló ń wò.

Ó mọ̀ pé mò ń tẹ ọ́gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí a háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà, òun náà sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi gbogbo wa. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò sí ìwé orin. Ní ìjọ tiwa, ẹnikẹ́ni tí ẹ̀mí bá gbé lè ta orin sókè láti ibikíbi, ní ohùn tó bá wù ú. Iṣẹ́ ẹni tó wà nídìí ọ́gáànù ni kó fi ìka wá ibi tí ohùn náà wà, kó bá a lọ́nà, kó sì bá a dé ilé. Mo ti ń lé orin kiri báyìí láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo rò pé ìyà ni.

Mo gbà. Mo sọ fún ara mi pé àánú ló ṣe mí.

Àwọn méjì yòókù wá láti inú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọ̀kan ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé tí ó fi gbàgbé ohun tí Yorùbá ń pe àlùbọ́sà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kó lọ sí ihò imú. Èkejì ń lu ìlù òyìnbó, apòògùn ni ní ọsibítù kan. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù wá lọ, Ẹ̀gbọ́n la sì ń pè é. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé irọ́ la fẹ́ pa?"

Onígìtá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe irọ́. Show business ni."

"Mo gbọ́. Irọ́ tó wọ súùtù."

Ṣùgbọ́n òun náà gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ Amẹ́ríkà, onígìtá ni olùkọ́. Ó pín ìlú fún wa: òun di ọmọ Chicago, Ẹ̀gbọ́n di ọmọ New Orleans, èmi di ọmọ Detroit. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi èjìká sọ̀rọ̀. Ó ní Ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ méjì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, àti pé èmi kò gbọdọ̀ tẹ orúnkún bí mo bá ń kí àgbà. Nígbà àkọ́kọ́ tí a dé orí pèpéle òtẹ́ẹ̀lì láti gbìyànjú orin, a kò tíì bọ́ sókè tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bọ́ bàtà, a sì tò wọ́n sí ẹsẹ̀ pèpéle bí ìgbà tí à ń wọ ilé Ọlọ́run. Olórin pariwo. Láti ọjọ́ yẹn, bàtà ni ẹ̀rù wa. Àárọ̀ àti alẹ́ là ń rán ara wa létí bàtà. Kò sẹ́ni tó rántí nǹkan mìíràn.

Ó ku ọkọ̀ tí a ó fi gbé àlejò. Alàgbà ìjọ wa jẹ́ oníṣègùn eyín, ó ní kí a máa pe òun ní Dókítà Alàgbà Olóyè, ní ìtòtẹ̀léra yẹn gan-an, ẹni tó bá sì fo ọ̀kan kò ní rí ìdáhùn. Ó ní mọ́tò funfun kan tó gùn bí ẹ̀ṣẹ̀, tí kò tíì yọ ọ̀rá kúrò lára àga rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, mo ní a fẹ́ gbé àlejò Ọlọ́run kan láti Yúróòpù. Wọ́n gbàdúrà lé kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní bí ẹyẹ bá su sí i, aṣọ rírọ̀ ni kí n fi nù ún, kí ọwọ́ mi má kàn án. Bí ó bá fara pa, wọn ò ní bá mi jà, wọ́n á kàn pe ìyá mi lórí fóònù ni. Inú mi bàjẹ́ ju bí wọ́n bá ṣépè lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni. Akọ̀ròyìn náà tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, irun rẹ̀ ti funfun tán, kámẹ́rà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo rántí, mi ò tẹ orúnkún. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ara mi sì kọ̀ ọ́ bí ẹni pé mo gbá a létí. Lójú ọ̀nà freeway, mo di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ọ̀kan nítorí mọ́tò Dókítà Alàgbà Olóyè, ọ̀kan nítorí ohùn mi.

Ó bi mí níbi tí wọ́n ti bí mi. Mo ní Detroit. Ojú rẹ̀ tàn. Mo rántí lójijì ibi tí òun ti wá. Ó bi mí bóyá yìnyín Detroit máa ń dúró títí di oṣù kẹrin. Mi ò rí yìnyín rí láyé mi, àfi èyí tí wọ́n ń kó sínú kúlà ẹja. Mo ní nígbà mìíràn ó ń dúró, nígbà mìíràn ó ń lọ. Ó bi mí bóyá ó máa ń rọ̀ tàbí ó máa ń le, bóyá a máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ bàtà. Òógùn ń já lẹ́yìn mi pẹ̀lú gbogbo atẹ́gùn tútù inú ọkọ̀ náà. Mo ní yìnyín ni yìnyín ń jẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi "mà" parí rẹ̀, mo gbé e mì. Ó yí ojú sí fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ọ̀rá tó wà lára àga ń dún fàù-fàù lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá mira.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ṣófo, wọ́n ti to àga lé orí tábìlì. Olórin sọ fún un pé ibi tí a ti ń múra sílẹ̀ fún eré ńlá nìyí. Ó wọ ṣòkòtò awọ, ó ti fi pankéèkì pa ojú rẹ̀ dé. Onígìtá kí àlejò pẹ̀lú èjìká. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀pá ìlù kí i. A wọ bàtà. Mo wo ẹsẹ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a wọ bàtà.

A lu orin Gẹ̀ẹ́sì méjì. A kò ṣàṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú. Olórin ń kọrin nínú ihò imú tí kì í ṣe tirẹ̀, onígìtá ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín Chicago, akọ̀ròyìn sì jókòó pẹ̀lú ìwé lórí ẹsẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i. Mo rí ọrùn Olórin bí iṣan rẹ̀ ti yọ. Oṣù ku ọjọ́ márùn-ún. Ó mọ̀, mo mọ̀.

Akọ̀ròyìn ní kí òun ya fọ́tò wa. Ó dìde, ó gbé kámẹ́rà sójú, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kí gbogbo wa lè wọ inú rẹ̀. Wáyà gìtá wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i. Gbogbo wa rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà, ó ṣubú lulẹ̀ gbàà, àgbàlagbà obìnrin, irun funfun.

Chicago, New Orleans àti Detroit fi ẹnu kan ké jáde:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà!"

Ẹ̀gbọ́n ti fo ìlù kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. Onígìtá ti dọ̀bálẹ̀ ìdajì, ó ń ṣa awò tó jábọ́ lójú obìnrin náà nílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Èmi wà lórí orúnkún mi méjèèjì, mò ń nù eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, mò ń sọ pé ẹ rọra, ẹ má tíì dìde, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Akọ̀ròyìn jókòó síbẹ̀ nílẹ̀, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ohun tí a sọ. Onígìtá fa ohùn padà sínú imú, ó ní a kàn ní kó ṣọ́ra ni.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ni obìnrin náà wí, "láti ìlú mẹ́ta, ní èdè kan náà?"

Mo wo Olórin. Ohun tí mo retí ni pé yóò rí irọ́ mìíràn pa. Ó mọ̀ ọ́n pa, mo sì ti ń bá a wá ọ̀kan nínú orí mi: bóyá èdè àwọn eléré, bóyá àwàdà. Ó jókòó sí etí pèpéle. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, mo rò pé nítorí kí àwa náà lè gbọ́ ni.

"Wọn kì í ṣe ará Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, láti inú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Kò sí gbọ̀ngàn ńlá kankan."

Akọ̀ròyìn ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Kí ló wá wà?"

Olórin ní orin kan wà. Ó ní kò sí lórí ìwé, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí. Ó ti kọ ọ́ nínú yàrá nọ́ńbà kejìlélógún, ní èdè ìyá rẹ̀, kò sì fi ránṣẹ́ sí Stockholm nítorí wọ́n ti sọ pé èdè náà kéré. Ó la ẹnu níbi tó jókòó sí. Kò wò wá, kò sọ ohùn tí yóò mú fún wa, ó kàn ta á sókè.

Onígìtá wò mí. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù. Onígìtá bọ́ tirẹ̀. Mo bọ́ tèmi. Mo fi ìka kan wá ohùn náà, kò sí níbẹ̀. Mo wá a ní ìsàlẹ̀, mo kọjá rẹ̀, mo padà, mo sì bá a lọ́nà. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà. Ohùn rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gòkè, kì í ṣe ohùn imú mọ́. Ìbẹ̀rù kò kúrò lára mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mò ń rò pé ó lè yà síbi tí mi ò mọ̀, kí n sì já a jù sílẹ̀ níwájú ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé. Ó yà lẹ́ẹ̀mejì. Mo pẹ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n mo bá a.

Akọ̀ròyìn ti ń kọ̀wé. Ó wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìwé ìròyìn náà dé. Olórin túmọ̀ rẹ̀ fún wa nínú yàrá ìfọṣọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: pátákó ẹyin àti ẹran, gbọ̀ngàn tí kò sí, Detroit tí kò mọ yìnyín. Akọ̀ròyìn kò fi nǹkan kan bò. Ó wá kọ ìpínrọ̀ kan ní ìparí nípa orin náà, ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ṣì ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kò pẹ́ dé. Ìlà mẹ́ta ni. Àdéhùn ti parí, wọ́n sì dúpẹ́.

Olórin ká lẹ́tà náà bí ìgbà tí à ń ká aṣọ. Mo ní pẹ̀lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò bi mí pé kí ló dé.

Ó lọ sílé kí ọdún tó parí, láìmú ẹrú kankan lọ́wọ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní gìtá ní ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, káséẹ̀tì kan dé, ilé iṣẹ́ kékeré kan ló gbé e jáde, gbogbo orin inú rẹ̀ ní èdè Swídìn. Ó kọ sí mi pé kò tà púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tún ti ń súfèé. Mo fi í sínú rédíò. Orin tó kọ ní yàrá nọ́ńbà kejìlélógún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn ló tẹ ọ́gáànù, ẹni tó mọ̀wé orin dáadáa, ṣùgbọ́n ní ibi méjì tí orin náà ti yà, ọ́gáànù náà pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdádúró yẹn. Tèmi ni.

Ìyẹn dára láti fi parí, ṣùgbọ́n mo ṣì jẹ yín ní òótọ́ kan.

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn, èmi ni mo gbé akọ̀ròyìn padà sí pápákọ̀ òfuurufú. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìjẹ̀bú tí mo jẹ́, ara sì tù mí. Ó ní kí n sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òun, mo sọ ọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a dé, ó ní fíìmù kan ṣẹ́ kù nínú kámẹ́rà òun, kí n dúró kí òun yà mí. Mo bọ́ sílẹ̀. Ó gbójú sókè wo ọkọ̀ funfun náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní ó dára gan-an, ṣé tèmi ni. Kò tíì pé wákàtí méjì tí gbogbo irọ́ wa tú síwájú rẹ̀ nílẹ̀.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi. Mo fara ti ọkọ̀ Dókítà Alàgbà Olóyè, mo ká apá mọ́ àyà, mo gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Mo kọ "Èmi rèé ní Amẹ́ríkà" sẹ́yìn rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ó wà lára ògiri pálọ̀ wọn di òní. Mọ́tò náà kì í ṣe tèmi.